Ẹ̀jẹ́ Oṣù Ẹrẹ́nà

Kò jìnnà. Bí mo bá wọkọ̀ ní Akúrẹ́ nísinsìnyí,
kí n tó jẹ gúgúrú inú ọ̀rá kan tán
mo ti dé Òkèlísà ní Ondó,
mo ti ń pariwo mọ́ ẹni tó da omi sẹ́nu ọ̀nà.
Kò jìnnà rárá.
Ẹnu mi ló sọ ọ́ di ìrìn àjò òkun.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, nílé ìwòsàn.
Túyì sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí òjò pa,
omi oògùn ń kán sí i lára,
mo ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.
Mo kà á dé igba, ó dà rú mọ́ mi lójú, mo tún bẹ̀rẹ̀.
Nígbà tí dókítà pe bàbá rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
tí ọkọ mi padà wọlé tí kò lè wojú mi,
mo ní, Olúwa, bí ọmọ yìí bá dìde,
orí òkè ni n ó ti ṣe Kérésì,
ọjọ́ méje gbáko, n kò ní í sọ̀ kalẹ̀.
Ta ló ń ṣírò Kérésì ní oṣù Ẹrẹ́nà?
Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bèèrè iye èlé.

Ọmọ dìde.
Ó dìde, ó fọ́ gíláàsì fèrèsé méjì.
Ní oṣù Ọ̀wàrà ó ní bàtà tó ń tanná lẹ́sẹ̀ lòun ń fẹ́.
Mo rà á, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.
Ẹlòmíràn ni yóò bá a so okùn rẹ̀ lọ́la.

Òkè yìí tutù. Ọyẹ́ ti la ètè mi sí méjì,
àpáta ń gba ooru ara mi bí ẹni ń gba gbèsè.
A tó ogójì níbí:
ìyá kan láti Ìdànrè, tó ń bá Ọlọ́run jà
bí ẹni bá onílé jà lórí owó ilé;
ọmọkùnrin kan tí kò sọ ohun tó gbé e wá,
tó kàn ń fi apá súnà funfun nu imú.
Ìyá Ìdànrè ní, Màríà náà ò sí nílé lọ́jọ́ náà.
Mo ní, Màríà gbé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.
Kò dá mi lóhùn.
Nísàlẹ̀, iná Akúrẹ́ tàn lọ súà,
báńgà ń dún lápá Ìjọ̀mu,
òórùn adìyẹ díndín ń gun òkè wá
láì bọ́ bàtà.

Bàbá Aríyìíbí tó ń ṣọ́ òkè ti gba fóònù gbogbo wa,
ó so orúkọ mọ́ wọn lára,
ó kó wọn sínú àpò ìrẹsì tó ṣófo.
Nígbà tí aago méjìlá òru lù, àpò náà jí.
Ọ̀kan kọ́kọ́ tàn, a rí lẹ́tà ara àpò ketekete,
òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀,
òmíràn, òmíràn,
títí àpò fi ń jà
bí adìyẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ kó sínú ọkọ̀.
Kálukú mọ ohùn tirẹ̀.
Ìyá Ìdànrè pe Jèhófà dé ìdajì, ó dúró.
Kò sẹ́ni tó dìde.

Tèmi náà dún.
Bàbá Túyì kì í jẹ́ kó kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta,
ó ní ẹni tó máa gbé e ì bá ti gbé e.
Èyí dún ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà.
Orí kunkun ni. Ọmọ mi ni.
Ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.
Bàbá Aríyìíbí wò mí, ó wo àpò,
ó yíjú sí ìlú.

Ó tún bẹ̀rẹ̀.
Mo ń kà á:
ení, èjì.